Ọ̀já Awọ tí Mùílì Ṣe fún Ẹgbẹ́ Àlejò

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìgbà tí mò ń wí yìí, òórùn awọ ni yóò júwe ilé Mùílì fún yín kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Awọ ewúrẹ́, awọ àgùntàn, awọ màlúù, gbogbo rẹ̀ ni ó ń sá sára ògiri, èyí tó pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dúdú. Tìmùtìmù ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí jù. Ó tún ń ṣe àpò àti akọ̀ ọ̀bẹ, ó sì ń bo tírà fún àwọn àlùfáà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní kí ó ṣe gàárì ẹṣin fún òun, á mirí, á ní, "Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn."

Bàbá rẹ̀ gan-an, ọ̀gá ni nínú àwọn tó ń ṣe gàárì nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún Iléyá kan, nígbà tí Mùílì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, okùn awọ tí wọ́n fi de gàárì mọ́ ikùn ẹṣin já lójú eré. Ẹni tó gun ẹṣin náà ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Kò kú, ṣùgbọ́n títí ayé rẹ̀ ni ó fi ń tiro. Kò sí ẹni tó bú bàbá Mùílì lójú. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni bàbá ti kó irin iṣẹ́ gàárì sínú àpò, kò sì tú àpò náà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ohun tí Mùílì rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé awọ tí ènìyàn ń jókòó lé kò léwu, ṣùgbọ́n awọ tí ènìyàn fi egungun ara rẹ̀ rọ̀ mọ́, kí ó má ti ọwọ́ òun jáde.

Ó ti ń súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ àti ti Ẹgbẹ́ Àlejò pàdé. Ọdún 1987 ni.

Ẹgbẹ́ náà ní orúkọ òyìnbó gígùn kan, ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Àlejò ni gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè é. Àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè tí iṣẹ́ gbé wá ni wọ́n dá a sílẹ̀: àwọn tíṣà ará Íńdíà, dókítà ará Filipíìnì kan àti ìyàwó rẹ̀, ará Gánà mẹ́ta, àti òyìnbó Amẹ́ríkà méjì tí wọ́n ti pẹ́ nílùú débi pé wọ́n ń fi Yorùbá nájà. Ní Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù, wọ́n á pé jọ sí gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́sàn-án. Kálukú á gbé oúnjẹ ìlú rẹ̀ wá. Wọ́n á mu tíì, wọ́n á jẹun, àwọn ọmọ wọn á máa sáré yí gbọ̀ngán ká, lẹ́yìn náà ni wọn á wá jókòó gbìmọ̀ ohun tí wọ́n lè ṣe fún ìlú tó gbà wọ́n. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ kànga ní ìletò kan lọ́nà Ìrẹsà. Àwọn náà ni wọ́n kun yàrá àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan, tí wọ́n ya erin àti ẹkùn sára ògiri rẹ̀, tí àwọn ọmọ á máa wò ó, tí wọ́n á fi gbàgbé abẹ́rẹ́.

Ẹni tó ń ṣètò iṣẹ́ wọn lọ́dún náà ni ìyàwó tíṣà ará Íńdíà kan, Mísíìsì Kúrúvílà. Orúkọ náà gùn jù lẹ́nu àwọn ará ìlú, wọ́n gé e sí Mísíìsì Kúrú. Ohun tó wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni pé obìnrin náà ga bí òpó iná. Bí wọ́n bá kí i ní "Mísíìsì Kúrú, ẹ káàsán o," òun náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnì kan ti túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ó ti ra tìmùtìmù méjì lọ́wọ́ Mùílì rí. Nítorí náà, nígbà tí òun àti Adéṣínà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, yà sílé Mùílì lọ́jọ́ kan, Mùílì rò pé tìmùtìmù ni wọ́n tún fẹ́. Àpò ìdọ̀họ ni Adéṣínà gbé sílẹ̀. Irin gígùn méjì tó ní oríkèé ní àárín ni ó fà yọ nínú rẹ̀.

"Bàbá, irin ẹsẹ̀ rèé," ni Adéṣínà wí. "Àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bà lẹ́sẹ̀ jẹ́ ni wọ́n ń fi í dìde. Mọ́kànlá ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n àpótí wọn pẹ́ ní èbúté. Irin kò ní nǹkan kan. Awọ tó yẹ kó dè é mọ́ ẹsẹ̀ ni ọ̀rinrin bà jẹ́, ó ń já bí ewé gbígbẹ. Ìyá yìí ní ẹ̀yin ni ẹ lè bá wa ṣe òmíràn."

Mùílì gbé irin náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì rọra gbé e padà sórí ẹní.

"Tíṣà, ẹ bá mi bẹ ìyá yìí. Tìmùtìmù ni mò ń ṣe. Bí tìmùtìmù bá já lábẹ́ ènìyàn, orí ẹní náà ni á bá ara rẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí dìde, tí ó já, ibo ni á bá ara rẹ̀?"

Adéṣínà túmọ̀ rẹ̀. Mísíìsì Kúrú kò jiyàn. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó ní kí ẹ kàn wá wo àwọn tó máa lò ó," ni Adéṣínà wí. "Bí ẹ bá wò wọ́n tán, tí ẹ ní ẹ kò ṣe, òun kò ní bínú."

Wíwò kò ná ènìyàn ní nǹkan. Nígbà tí Sátidé pé, Mùílì wọkọ̀ ní Owódé, ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ènìyàn mọ́kànlá tí irin náà wà fún ti wà ní gbọ̀ngán, tọmọdé tàgbà, tíì àti àkàrà òyìnbó wà níwájú wọn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Màrúfátù, ọmọ ọdún méjìlélógún, ará Ìsàlẹ̀ Àfọ́n. Igi pẹlẹbẹ méjì ni ó máa ń dì mú, tí á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀, tí á wá wọ́ ara rẹ̀ tẹ̀lé e. Aṣọ ni ó ń rán, ẹ̀rọ olọ́wọ́ ni ó sì ń lò. Òun ló kọ́kọ́ bá Mùílì sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ rán ẹsẹ̀ fún wa?"

"Ẹsẹ̀ kì í ṣe aṣọ, ọmọ mi."

"Aṣọ ni èmi mọ̀ ọ́n wọ̀n, Bàbá. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń wọn ẹsẹ̀ hàn mí." Ni ó bá bọ́ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó nà án sí i.

Mùílì kò lè fi ọwọ́ ọmọ náà sílẹ̀ lófo. Ó gba téèpù, ó wọn itan rẹ̀, ó wọn orúnkún, ó wọn ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí yóò fi gbé ojú sókè, ẹni kejì ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ẹni kẹta ti ká ṣòkòtò sókè. Kí tíì tó tán nínú ìkòkò, ó ti wọn àwọn mọ́kànlá, Adéṣínà sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Nígbà tó padà délé, Ràlíátù ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tó ti ń tẹ́ awọ màlúù sílẹ̀.

"Bàbá Bàsítì, ṣebí ẹ ní ẹ kò ní ṣe é."

"Mo kàn wọ̀n wọ́n ni."

"Ẹ kú ìwọ̀n o," ni Ràlíátù wí, ó sì wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ náà gbà. Awọ màlúù tó nípọn ni ó lò sóde, awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ ni ó tẹ́ sínú kí ó má baà họ ènìyàn lára. Ibi tí okùn ìránṣọ kan ti tó, méjì ni ó fi rán an. Bí ó bá parí ọ̀kan, á so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, á fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn, á sì máa fì dirodiro, bóyá yóò já. Ràlíátù pe àwọn ará ilé wá wò ó. Ó ní, "Ẹ wo ẹni àádọ́ta ọdún tó ń gun jangírọ́fà!" Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí. Kò sí èyí tó já.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹta ọdún 1988, wọ́n dè é mọ́ kálukú lẹ́sẹ̀. Dókítà ará Filipíìnì yẹn ń fi bí wọn yóò ṣe fi ọ̀pá ti ara wọn dìde hàn wọ́n, Mùílì sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń mú èyí le, ó ń dẹ ìyẹn. Ẹgbẹ́ wá fi àjọ̀dún ńlá sí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹrin. Wọ́n ní kí àwọn mọ́kànlá máa fi ìrìn dánra wò nílé títí di ọjọ́ náà. Mùílì padà sí Ọ̀yọ́. Láti ọjọ́ náà, kò rí oorun gidi sùn mọ́.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àjọ̀dún pé, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni Gàfárù yà sílé rẹ̀. Awakọ̀ tó ń na Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni Gàfárù.

"Bàbá Bàsítì, Tíṣà Adéṣínà ní kí n sọ fún yín pé Màrúfátù ṣubú. Ó ní kí ẹ máa bọ̀ lónìí, kí ẹ kó irin iṣẹ́ dání."

Mùílì dìde. "Ó ṣubú báwo? Ṣé ó ṣèṣe? Èwo ló já?"

"Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn o, Bàbá. Mọ́tò ti ń gbéra nígbà tó ń sọ ọ́."

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mùílì kò mu ẹ̀kọ tí Ràlíátù gbé sílẹ̀ fún un. Ó sọ irin iṣẹ́ sínú àpò, ó gbàgbé fìlà, ó sì tẹ̀lé Gàfárù. Nínú ọkọ̀, egungun ìbàdí ni ó ń rí lójú ara rẹ̀. Ó ń rí ọkùnrin tó ṣubú lọ́jọ́ Iléyá yẹn bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀kùn gbé e kọjá. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló rán òun níṣẹ́, pé ṣé òun kò ti sọ fún wọn. Màrúfátù ti ní ọ̀nà tí ó ń gbà rìn ní tirẹ̀, kò tètè, ṣùgbọ́n kò já a lulẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ pé awọ òun ni yóò wá sọ ọ́ di ẹni tí kò ní lè jókòó nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń gorí afárá odò Ọbà, obìnrin tó jókòó tì í bi í pé, "Bàbá, ṣé ara yín kò yá ni?"

"Ara mi yá," ni ó wí. Àdúrà ni ó ń gbà lábẹ́lẹ̀.

Láti Tákíè tí ọkọ̀ já wọn sí, ẹsẹ̀ ni ó fi sáré dé Ìsàlẹ̀ Àfọ́n. Ó rí èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé Màrúfátù. Ó ya àárín wọn kọjá. Ó bá Màrúfátù lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ìrèké. Aṣọ funfun kékeré kan ni wọ́n fi di ìgúnpá rẹ̀. Adéṣínà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màrúfátù! Èwo ló já?"

"Bàbá, ẹ káàbọ̀. Kò sí èyí tó já."

"Egungun rẹ ńkọ́? Ìbàdí rẹ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ìgúnpá ni mo fi họ ilẹ̀."

"Kí ló wá gbé ọ ṣubú?"

Màrúfátù wolẹ̀. Adéṣínà ní, "Fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn."

"Bàbá, mo tú ti orúnkún sílẹ̀ ni."

"O tú u? Kí ló dé?"

"Ó ń ké, Bàbá! Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, á ní fíín. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, á tún ní fíín, bí ẹni tẹ ẹ̀lírí mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wá ń tò tẹ̀lé mi, wọ́n ń sín in jẹ. Ojú tì mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ tú u, kí n fi rìn dé ilé ìyá onírẹsì, mo sì mọ̀ pé kò jìnnà. Ẹsẹ̀ kejì tí mo gbé ni ilẹ̀ pàdé mi."

Mùílì wò ó. Ó wo ọ̀já awọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó fà á, ó nà án, ó wo gbogbo ojú okùn rẹ̀. Kò yẹ̀ níbì kankan. Ni ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá kí wọ́n bá a rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n bu omi fún un.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Adéṣínà wí. "Mo sọ fún Gàfárù pé kò ṣèṣe o, pé awọ tó ń ké ni kí ẹ wá wò."

"Gàfárù gbàgbé ìyẹn sí gáréèjì," ni Mùílì wí, ó sì tún bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Màrúfátù gbé omi àti ẹ̀bà wá. Ebi ti wá ń pa Mùílì bí ẹni tó gbààwẹ̀, ó sì jẹ ẹ̀bà náà tán. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n fún òun ní òrí. Ó yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi pa ibi tí awọ ti ń họ irin, ó sì gé awọ ewúrẹ́ pẹlẹbẹ sáàárín wọn. Ó tún ọ̀já orúnkún dè mọ́ Màrúfátù lẹ́sẹ̀. Màrúfátù dìde, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Orúnkún kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló ń ké díẹ̀díẹ̀. Mùílì na ọwọ́ sí i pẹ̀lú òrí, ṣùgbọ́n ìyá Màrúfátù ní kí ó dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń wọ́ kiri ilé, tí n kì í gbọ́ ìró rẹ̀, àfi kí n ṣáà máa pè é. Láti ọjọ́ tí ẹ ti de irin yìí fún un, bí mo bá wà nídìí iná, mo mọ ibi tó wà. Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ ọ."

Màrúfátù ní, "Màmá!" Ṣùgbọ́n kò jiyàn, Mùílì sì nu ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún, Ràlíátù ní òun kò ní gbọ́ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹlòmíràn, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti na aṣọ funfun sórí tábìlì lábẹ́ àwọn igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn ará Íńdíà gbé nǹkan díndín kan wá tí àwọn ènìyàn ń pè ní méépáì Íńdíà, tó ń ta ènìyàn lẹ́nu. Àwọn ará Gánà gbé kẹ́ńkẹ́ tiwọn wá, ìyẹn ẹ̀kọ líle tí wọ́n fi èèpo àgbàdo wé. Àwọn àlejò àti àwọn tíṣà ọmọ ìlú fa okùn, àwọn tíṣà sì fà wọ́n lulẹ̀ gbìì. Nígbà tó kan eré ẹyin orí ṣíbí, Mísíìsì Kúrú ká aṣọ gígùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ó ju ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ síwájú, ó sì gba ipò kìíní. Àwọn ènìyàn ń pariwo pé, "Kúrú! Kúrú!"

Lẹ́yìn náà ni ó wá kan ìrìn. Àwọn mọ́kànlá náà tò sí ìdí igi máńgòrò kan ní ọ̀ọ́kán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá sídìí tábìlì. Ó tó ogójì ìṣísẹ̀. Bàbá kan sinmi lágbedeméjì, wọ́n gbé àga fún un, ó jókòó, ó tún dìde. Mùílì kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀já awọ ni ó tẹjú mọ́, orúnkún yìí, ọrùn ẹsẹ̀ yẹn, bí ẹni tó ń ṣọ́ kí ọ̀kan má lọ yẹ̀.

Ràlíátù fi ìgúnpá gún un. "Bàbá Bàsítì, ẹ gbé ojú sókè. Ojú wọn ni kí ẹ wò."

Ó gbé ojú sókè. Màrúfátù ló wà níwájú, aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wọ̀, òógùn bò ó lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran jẹ tí wọn kò mú. Èémí kan tó ti wà láyà Mùílì láti oṣù wọ̀nyẹn jáde. Ó ní, "Alihamudulilahi."

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Mísíìsì Kúrú àti ọkọ rẹ̀ padà sí ìlú wọn. Náírà ti ń já wálẹ̀ lójoojúmọ́, owó oṣù tíṣà kò tó fi ránṣẹ́ sílé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlejò ṣe ń dín kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù, àwọn ará Gánà, dókítà ará Filipíìnì àti àwọn òyìnbó méjì yẹn, ní kí ẹgbẹ́ má tú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Mùílì pé kí ó wá di ọmọ ẹgbẹ́, nítorí àwọn tó nílò irin ẹsẹ̀ ṣì pọ̀.

"Èmi kọ́ ni àlejò," ni Mùílì wí fún Adéṣínà. "Ọmọ Yorùbá ni mí."

"Ọ̀yọ́ ni ẹ ti ń bọ̀," ni Adéṣínà dáhùn. "Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àlejò ni yín. Ẹ ṣáà gbé oúnjẹ ìlú yín dání."

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni Ràlíátù sè lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, ìkòkò kan gbáko, ewé ni ó sì fi pọ́n ọn. Tíì kò tíì hó tí ó fi tán. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà jókòó tì í, ó ń fi Yorùbá bi í bí wọ́n ṣe ń ká ewé tí kò fi ń jò, Ràlíátù sì ń fi ewé tó ṣófo ṣe é fún un. Mùílì wà lódìkejì tábìlì. Ó ń bá kẹ́ńkẹ́ jà, ọwọ́ rẹ̀ kan sì wà lórí awọ tuntun tó gbé wá fi han dókítà.